Kenny Dalglish: Àwọn ìbéèrè tó ń wáyé lemọ́lemọ́, àti ìdáhùn wọn

Bí ọ̀rọ̀ Liverpool àtijọ́ tàbí ti Celtic bá ti délẹ̀, orúkọ ọkùnrin yìí kì í pẹ́ jáde, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn sì máa ń bèèrè. A kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ta ni Kenny Dalglish?

Ọmọ Scotland ni, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó sì tún ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹgbẹ́ méjì péré ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sìn nídìí iṣẹ́ yìí: Celtic ní Glasgow títí di 1977, àti Liverpool ní England láti 1977 títí tó fi gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀ ní 1990. Góòlù 167 ló gbá wọlé fún Celtic, 172 fún Liverpool. Ìgbà 102 ló wọ aṣọ Scotland.

Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó gba Líìgì England lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú Liverpool, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú Blackburn Rovers. Ṣáájú rẹ̀, Tom Watson, Herbert Chapman àti Brian Clough nìkan ló ti fi ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gba Líìgì náà.

Níbo ni wọ́n bí i sí, báwo ló sì ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1951 ni wọ́n bí i ní Dalmarnock, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní apá ìlà-oòrùn Glasgow. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 15, ó lọ gbìyànjú ara rẹ̀ wò ní Liverpool, lásìkò tí Bill Shankly ń darí wọn. Ó tún lọ sí West Ham. Kò sí èyí tó bọ́ sí i nínú méjèèjì.

Celtic ló mú un ní 1967, ọdún tí Jock Stein, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ gba Ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ní Lisbon, tí wọ́n di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Britain tó gbà á. Ẹ lè fojú inú wo irú ikọ̀ tí ọmọdé náà bá níbẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ jẹ́ kó sún mọ́ àwọn àgbà. Wọ́n ní kó máa lọ gbá fún Cumbernauld United, ẹgbẹ́ kékeré kan tí kò jìnnà sí Glasgow, ó sì gbá góòlù 37 wọlé níbẹ̀ ní sáà kan. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń kọ́ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù nígbà yẹn.

Oṣù Kẹsàn-án 1968 ló kọ́kọ́ wọ pápá fún ikọ̀ àgbà Celtic, nígbà tí wọ́n fi rọ́pò ẹlòmíràn nínú ìdíje Ife Líìgì pẹ̀lú Hamilton Academical. Ó tún tó ọdún mẹ́ta kó tó rí àyè tirẹ̀ mú ṣinṣin.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Rangers ló fẹ́ràn nígbà èwe rẹ̀?

Lóòótọ́ ni. Nígbà tó ń di géńdé, ilé wọn ò jìnnà sí Ibrox, pápá Rangers, àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù Rangers ló sì lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Sean Fallon, igbákejì Jock Stein, wá bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé, ńṣe ni ọmọ náà sáré wọ yàrá lọ ń já àwòrán kúrò lára ògiri kí àlejò tó rí i.

Ẹni tí kò bá mọ Glasgow lè rò pé eré lásán ni. Àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà tí ìran wọn wá láti Ireland ló dá Celtic sílẹ̀ ní 1887. Ẹgbẹ́ àwọn Pùròtẹ́sítáńtì ni Rangers, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi yẹra fún mímú ọmọ Àgùdà sínú ikọ̀ wọn. Celtic ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Stein fúnra rẹ̀ kì í ṣe Àgùdà, Dalglish náà kì í ṣe Àgùdà, wọ́n sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Èrò tèmi ni pé bí Rangers bá ti tètè kan ilẹ̀kùn ilé yẹn ni, Celtic kì bá tí rí i mú.

Góòlù tó kọ́kọ́ gbá wọlé fún Celtic, Rangers gan-an ló gbá a sí. Pẹ́nárítì ni, ní Ibrox, oṣù Kẹjọ 1971. Gbogbo pápá ń hó, ọmọ ọdún 20 yìí bẹ̀rẹ̀, ó rọra so okùn bàtà rẹ̀, ó dìde, ó gbá a wọlé.

Kí ló gbé ṣe ní Celtic?

Líìgì Scotland mẹ́rin, Ife Scotland mẹ́rin, Ife Líìgì kan. Òun pẹ̀lú Danny McGrain, Lou Macari, David Hay àti George Connelly ló wà nínú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Quality Street Gang, àwọn tí Stein ń tọ́ láti fi rọ́pò àwọn tó lọ sí Lisbon. Àárín pápá ló ti kọ́kọ́ ń gbá, kí Stein tó tì í síwájú.

Ní 1975 ló di balógun ikọ̀. Sáà tó tẹ̀lé e burú fún wọn, torí Stein farapa nínú jàǹbá ọkọ̀, Celtic ò sì rí ife kankan gbà. Ní 1977 wọ́n gba Líìgì àti Ife Scotland pọ̀. Ìgbà yẹn ni Dalglish wò ó pé ó tó àkókò láti lọ.

Èló ni Liverpool rà á?

£440,000, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1977. Ẹgbẹ́ méjì ní Britain ò tíì ná irú owó bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn rí. Kevin Keegan, ààyò àwọn ará Anfield, pápá Liverpool, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Hamburg ní £500,000 ni, aṣọ rẹ̀, nọ́ńbà 7, ni wọ́n sì gbé fún àlejò. Bob Paisley, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool nígbà yẹn, ló rà á.

Kò lọ torí ìjà. Ohun tó fẹ́ ni láti mọ ibi tí agbára òun dé níta Scotland, àwọn èèyàn Celtic ò sì tètè dárí jì í. Nígbà tó bá Liverpool padà sí pápá wọn ní oṣù Kẹjọ 1978, nínú ìdíje tí wọ́n fi yẹ́ Jock Stein sí, wọ́n hó lé e lórí.

Ní Anfield, wọ́n gbàgbé Keegan kíákíá. Góòlù 31 ló gbá wọlé ní sáà àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ tó dé, léraléra ló ń gbá láìfo ìdíje kan, títí wọ sáà 1980 sí 1981. Ẹ rántí irú pápá ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n ń gbá lé lórí nígbà yẹn, àti irú ìtàpá tí àwọn adilémú ń ta láìsí káàdì.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba?

Àwọn òǹwòran tó ń dúró ní Kop, ẹ̀yìn òpó kan ní Anfield, ló fi í jẹ oyè náà, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára títí dòní. Ìjọba náà fún un ní oyè tirẹ̀: MBE ní 1985, oyè Sir ní 2018. Ní oṣù Kẹwàá 2017, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe odidi ẹ̀gbẹ́ kan pápá Anfield.

Góòlù rẹ̀ wo ló dára jù?

Mẹ́ta làwọn èèyàn máa ń jiyàn lé lórí. Àkọ́kọ́ ni ti àṣekágbá Ife ẹ̀yẹ Yúróòpù, ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1978, ní Wembley. Club Brugge ti di gbogbo ojú ọ̀nà pa. Ní ìṣẹ́jú 64, Graeme Souness ti bọ́ọ̀lù gba àárín wọn kọjá sí i. Birger Jensen, aṣọ́lé Brugge, ti ń sáré bọ̀. Ẹlòmíràn ì bá gbá a wàràwàrà mọ́ ọn lára. Dalglish dúró díẹ̀, ó jẹ́ kí Jensen wólẹ̀ ná, ó wá rọra gbé bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá. 1–0 ni ìdíje náà parí sí. Kí bọ́ọ̀lù tó dúró nínú àwọ̀n, ó ti fò kọjá pátákó ìpolówó lọ bá àwọn olólùfẹ́.

Èkejì ni ti Stamford Bridge, pápá Chelsea, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 1986. Jim Beglin fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ lókè, Dalglish fi àyà gbà á, ó sì gbá a kó tó kanlẹ̀. Góòlù yẹn ló fún Liverpool ní Líìgì, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ló sì gbá a wọlé.

Èyí tó wù mí jù ni ẹ̀kẹta, tó gbá sí Spain ní Hampden Park ní oṣù Kọkànlá 1984. Ó gba bọ́ọ̀lù nínú èrò, ó fi ara tan àwọn adilémú, ó wá fi ẹsẹ̀ òsì yí i lọ sí igun òkè àwọ̀n, níbi tí ọwọ́ Arconada, aṣọ́lé Spain, ò lè dé láéláé. 3–1 ni Scotland fi borí. Góòlù ọgbọ̀n rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì gbẹ̀yìn.

Kò ga, kò sì yára. Kí ló wá mú un yàtọ̀?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ọmọdé tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù máa bèèrè. Ẹni tó bá wo fídíò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ń retí ẹni tí yóò máa fò bí ẹyẹ, kò ní rí i. Èyí tó máa rí ni ọkùnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, tó na apá méjèèjì díẹ̀, tó fi ìdí ti adilémú sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù á dé ẹsẹ̀ rẹ̀, adilémú á máa tì í, kò ní mì. Lẹ́ẹ̀kan náà ló máa yí, bọ́ọ̀lù á sì ti kúrò níbẹ̀.

Àṣírí rẹ̀ ni pé kí bọ́ọ̀lù tó dé, ó ti wo ẹ̀yìn, ó ti mọ ibi tí kálukú wà. Ẹ wo bó ṣe máa ń yí orí sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. Torí náà, ìgbésẹ̀ tí ẹlòmíràn máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, òun ti rò ó tán. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lè yá ju tirẹ̀ lọ, ọpọlọ rẹ̀ ló ń gba iwájú.

Ian Rush, tí Liverpool rà lọ́dọ̀ Chester ní 1980 ní £300,000, ló jèrè rẹ̀ jù. Iṣẹ́ Rush ni kó máa sáré. Iṣẹ́ Dalglish ni kó rí i pé bọ́ọ̀lù ń dúró de Rush níbi tó ń sáré lọ. Góòlù 346 ni Rush gbá wọlé fún Liverpool, ẹnikẹ́ni ò sì gbá tó bẹ́ẹ̀ rí fún ẹgbẹ́ náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń fi iye góòlù nìkan díwọ̀n Dalglish. Èyí tó fi lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́ ò kéré sí èyí tó gbá fúnra rẹ̀.

Ife mélòó ló gbà pẹ̀lú Liverpool gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù?

Líìgì mẹ́fà, Ife ẹ̀yẹ Yúróòpù mẹ́ta (1978, 1981, 1984), Ife Líìgì mẹ́rin léraléra láti 1981 dé 1984, àti Ife FA kan ní 1986. Àwọn akọ̀ròyìn England mú un ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ́dún ní 1979 àti 1983.

Ṣé ó gba Ballon d'Or rí?

Rárá, kò gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù ní Yúróòpù náà. Ipò kejì ló wà ní 1983, lẹ́yìn Michel Platini. Ọmọ Scotland kan ṣoṣo tó gbà á ni Denis Law, ní 1964.

Kí ló ṣe fún Scotland?

Oṣù Kọkànlá 1971 ló bẹ̀rẹ̀, nínú ìdíje pẹ̀lú Belgium, lábẹ́ Tommy Docherty. Ní oṣù Kẹta 1986, nígbà tí wọ́n pàdé Romania ní Hampden, ó di ọkùnrin àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nígbà 100 fún Scotland. Góòlù 30 ló gbá wọlé, iye kan náà pẹ̀lú Denis Law.

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Scotland, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tilẹ̀ mẹ́nu ba Ife Àgbáyé. Ọdún 1976 ni wọn yóò sọ, nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Ray Clemence, aṣọ́lé England, kọjá ní Hampden, tí Scotland fi borí 2–1. Ọdún kan lẹ́yìn náà, òun àti Clemence ti di ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ní Liverpool.

Ó lọ sí Ife Àgbáyé mẹ́ta. Kí ló dé tí Scotland ò fi kọjá ìpele àkọ́kọ́?

Ní 1974, ní Jámánì, ẹnikẹ́ni ò borí wọn. Wọ́n na Zaire 2–0, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Brazil àti Yugoslavia. Iye góòlù ló lé wọn sílé: Yugoslavia na Zaire yẹn kan náà 9–0, Brazil nà án 3–0. Ní 1978, ní Argentina, Peru nà wọ́n 3–1, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Iran, kí wọ́n tó na Holland 3–2 nígbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ̀gbín lẹ́nu. Dalglish gbá góòlù kan sí Holland. Ní 1982, ní Spain, ó gbá ọ̀kan sí New Zealand, ṣùgbọ́n iye góòlù ló tún gbé Soviet Union kọjá wọn.

Àwọn kan sọ pé kò ṣe dáadáa tó ní Ife Àgbáyé bó ṣe ń ṣe ní Anfield. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ní Liverpool, ojoojúmọ́ ló ń bá àwọn tó mọ ìrìn rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Irú eré tirẹ̀ sì nílò kí ẹlòmíràn ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ní 1986, ó yẹ kó lọ sí ẹ̀kẹrin ní Mexico, ìpalára orúnkún ló dá a dúró.

Báwo ló ṣe jẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́ẹ̀kan náà?

Joe Fagan, akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool, fẹ̀yìntì ní 1985. Ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, nígbà tí èèyàn 39 kú ní pápá Heysel ní Brussels ṣáájú àṣekágbá Liverpool àti Juventus. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kéde pé Dalglish, ọmọ ọdún 34 tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ni yóò gba ipò. Kò tíì darí ẹgbẹ́ kankan rí. Paisley wà nítòsí láti máa gbà á nímọ̀ràn.

Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ló gba Líìgì àti Ife FA pọ̀. Everton, aládùúgbò wọn, ló gbapò kejì nínú Líìgì, àwọn náà ni wọ́n nà 3–1 ní Wembley. Nígbà tó yá, ó ra John Aldridge, Peter Beardsley, Ray Houghton àti John Barnes, ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sáà 1987 sí 1988 pẹ̀lú ìdíje Líìgì 29 tí ẹnikẹ́ni ò ti borí wọn. Mi ò tíì rí ikọ̀ Liverpool tí eré wọn dùn ún wò ju ti ọdún yẹn lọ.

Ṣé ọ̀nà rẹ̀ kan ti ọmọ Yorùbá kankan rí?

Ó kàn án dáadáa. Justin àti John Fashanu, tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó jẹ́ pé àwọn alágbàtọ́ ló tọ́ wọn dàgbà ní Norfolk, làwọn méjèèjì kò ó lójú. Ní oṣù Kejì 1980, Dalglish wà lórí pápá ní Norwich nígbà tí Justin kọ ẹ̀yìn sí àwọ̀n, tó fi ẹsẹ̀ kan ta bọ́ọ̀lù sókè, tó yí, tó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a wọlé látòkèèrè. Liverpool ló borí 5–3, àmọ́ góòlù Justin ni BBC mú ní góòlù tó dára jù ní sáà náà.

John ló dun Dalglish jù. Òun ló wà níwájú fún Wimbledon ní àṣekágbá Ife FA 1988, nígbà tí ẹgbẹ́ kékeré náà na Liverpool 1–0, tí Dave Beasant sì mú pẹ́nárítì Aldridge. Líìgì àti ife ni Liverpool ń wá lọ́dún yẹn, Líìgì nìkan ni wọ́n rí.

Kí ni ipa rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Hillsborough?

Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1989, ìpele tó kángun sí àṣekágbá Ife FA, Liverpool àti Nottingham Forest ní pápá Hillsborough, Sheffield. Àwọn ọlọ́pàá ṣí géètì, èrò ya wọ ibi tó ti kún àkúnya, wọ́n sì há mọ́ irin. Èèyàn 97 ló kú, ẹni ìkẹyìn nínú wọn ní 2021 látàrí ìpalára ọjọ́ náà. Dalglish ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní pápá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láti bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fara balẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni Liverpool ò lè gbàgbé. Wọ́n ṣí Anfield sílẹ̀, òdòdó àti sìkáàfù bo pápá, òun, ìyàwó rẹ̀ Marina, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn aya wọn sì ń jókòó ti àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó ń lọ síbi ìsìnkú lọ́kan-ò-jọ̀kan. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mẹ́rin ló lọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn The Sun parọ́ mọ́ àwọn òkú, tí olóòtú wọn sì pe Dalglish láti bèèrè bí àwọn ṣe lè tún un ṣe, ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé pé irọ́ ni àwọn pa.

Ní oṣù Kẹrin 2016, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n pa àwọn èèyàn náà lọ́nà tí kò bófin mu, àti pé àwọn olólùfẹ́ Liverpool ò lẹ́bi kankan. Lọ́dún yẹn ni ìlú Liverpool fi oyè tó ga jù lọ́wọ́ wọn dá àwọn olóògbé lọ́lá, wọ́n sì fi dá Kenny àti Marina lọ́lá pẹ̀lú wọn.

Kí ló dé tó fi ipò sílẹ̀ ní 1991 nígbà tí Liverpool wà lókè tábìlì?

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ 20 oṣù Kejì ni wọ́n ta ọ̀mì 4–4 pẹ̀lú Everton nínú Ife FA. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Liverpool gba iwájú, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Everton dá a padà. Dalglish mọ ohun tó yẹ kó yí padà nínú ikọ̀ rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ jáde. Ní ọjọ́ 22, ó kéde pé òun ń lọ.

Àwọn kan wá ìdí mìíràn káàkiri nígbà yẹn. Mi ò rí ohun tí wọ́n ń wá. Ọkùnrin yìí wà ní Ibrox ní oṣù Kìíní 1971 tí èèyàn 66 kú, ó wà ní Heysel, ó wà ní Hillsborough, ó sì gbé ọ̀fọ̀ odidi ìlú kan lé èjìká fún nǹkan bí ọdún méjì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé tirẹ̀. Kò sí ara tí kò ní kọ̀.

Ṣé owó Jack Walker nìkan ló gba Líìgì fún Blackburn?

Owó wà níbẹ̀, a ò lè sẹ́. Walker, oníṣòwò irin tó ti fẹ́ràn Blackburn láti kékeré, ló ná an. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dalglish dé ní oṣù Kẹwàá 1991, ìpele kejì ni Blackburn wà, wọn ò sì tíì gba Líìgì láti 1914. Ó gbé wọn gòkè ní 1992, wọ́n ṣe ipò kẹrin, wọ́n ṣe ipò kejì, wọ́n gbà á ní 1995. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti náwó ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn ò rí nǹkan kan.

Ọjọ́ ìkẹyìn náà, 14 oṣù Karùn-ún 1995, Anfield ni wọ́n ti gbá a. Alan Shearer gbá tirẹ̀ wọlé fún Blackburn, góòlù 34 rẹ̀ nínú Líìgì ní sáà náà, àmọ́ Liverpool ló borí 2–1. Láàárín ìṣẹ́jú kan náà ni ìròyìn dé pé West Ham ti mú Manchester United ní ọ̀mì 1–1. Máàkì 89 sí 88. Àwọn olólùfẹ́ Liverpool ló ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀gá ẹgbẹ́ tó wá bá wọn jà.

Newcastle ńkọ́?

Ní oṣù Kìíní 1997, Keegan ló tún rọ́pò. Wọ́n ṣe ipò kejì, wọ́n sì na Barcelona 3–2 ní oṣù Kẹsàn-án, tí Faustino Asprilla gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Àmọ́ Shearer, tó ti wà pẹ̀lú wọn nígbà yẹn, ti farapa kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ta Les Ferdinand àti David Ginola, ipò 13 ni wọ́n bọ́ sí. Wọ́n pàdánù àṣekágbá Ife FA 1998 sọ́wọ́ Arsenal, wọ́n sì lé e ní oṣù Kẹjọ. Iṣẹ́ náà ò bá a mu.

Báwo ni ìgbà kejì rẹ̀ ní Liverpool ṣe rí?

Roy Hodgson ló rọ́pò ní oṣù Kìíní 2011, lẹ́yìn ogún ọdún. Ó gba Ife Líìgì 2012 lọ́wọ́ Cardiff pẹ̀lú pẹ́nárítì, ife àkọ́kọ́ tí Liverpool rí láti 2006. Ó dé àṣekágbá Ife FA, Chelsea nà án 2–1. Ipò kẹjọ nínú Líìgì ló jẹ́ kí wọ́n ní kó máa lọ ní oṣù Karùn-ún. Ní 2013, wọ́n pè é padà sínú ìgbìmọ̀ olùdarí.

Ṣé ó jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ Suárez àti Evra?

Bẹ́ẹ̀ ni, lójú tèmi. Ní oṣù Kẹwàá 2011, Luis Suárez, agbábọ́ọ̀lù Liverpool, fi àwọ̀ ara bú Patrice Evra ti Manchester United, ọmọ tí wọ́n bí ní Dakar, lórí pápá Anfield. FA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní England, fi ìyà ìdíje 8 jẹ Suárez, wọ́n sì gba £40,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ Dalglish wọ aṣọ tí àwòrán Suárez wà lára rẹ̀ jáde ní Wigan. Nígbà tí Suárez kọ̀ láti bọ Evra lọ́wọ́ ní oṣù Kejì 2012, Dalglish fi ìbínú dá akọ̀ròyìn lóhùn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ kejì ló tọrọ àforíjì fún ìwà tó hù níbẹ̀.

Ó dunni gan-an torí ẹni tó ṣe é. Dalglish yìí náà ló ra John Barnes ní 1987, tó sì dúró tì í nígbà tí wọ́n ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lù ú. Nígbà tó farapa ní Munich ní 1981, Howard Gayle, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù fún Liverpool, ló wọlé rọ́pò rẹ̀, tó sì fa wàhálà fún Bayern títí Liverpool fi kọjá sí àṣekágbá. Ó mọ ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn fojú rí. Ìfẹ́ pé kó dáàbò bo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó gbé e ga ní 1989, ló bò ó lójú ní 2011. Jamie Carragher, tó wà nínú ikọ̀ náà, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Evra lójúkojú lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2019.

Nínú òun àti Denis Law, ta ni àgbà?

Góòlù 30 ni Law náà ní fún Scotland, ìgbà 55 péré ló sì fi gbá a. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò retí, Law ni. Òun ló ní Ballon d'Or. Ní 1974, wọ́n jọ wọ pápá ní Ife Àgbáyé nígbà tí wọ́n pàdé Zaire, ọ̀kan ń parí, ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀.

Dalglish ni èmi mú, torí pé gbogbo ikọ̀ tó wọ̀ ló sunwọ̀n sí i nítorí rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá dé Aberdeen, níbi tí wọ́n bí Law sí, ẹ má sọ ọ́ sókè.